Hilux tàbí L200 fún iṣẹ́ kòkó

Ẹ béèrè pé nínú Toyota Hilux àti Mitsubishi L200 tòkunbọ̀, èwo ló yẹ kí ẹ rà fún iṣẹ́ kòkó lápá Ìdànrè, nígbà tó jẹ́ pé ọkọ̀ kan náà ni yóò máa gbé ìyàwó àti àwọn ọmọ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti fi méjèèjì ṣe iṣẹ́ yìí, Hilux oní-pẹtiróòlù 2.7 (ìyẹn ni pé lítà 2.7 ni ìwọ̀n ẹńjìnnì rẹ̀) ni mo sì ní kí ẹ rà, ṣùgbọ́n kì í ṣe torí pé ó lágbára ju ìkejì rẹ̀ lọ.

Ní ti ẹrù, wọn kò fi bẹ́ẹ̀ ju ara wọn lọ. Nǹkan bíi tọ́ọ̀nù kan ni wọ́n ṣe ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn láti gbé, àwọn èèyàn tó jókòó sínú rẹ̀ sì wà nínú ìṣirò náà. Àpò kòkó tó gbẹ dáadáa máa ń tó kílò 64. Bí ẹ bá di 11, tí awakọ̀ àti alágbàṣe mẹ́ta sì wọlé, ọkọ̀ ti kún nìyẹn. Ẹni tó bá ń sọ fún yín pé tòun ń gbé 20 ń ba sípíríǹgì ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ jẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ ẹńjìnnì ni kí ẹ rò dáadáa. L200 tí mo lò jẹ́ oní-dísẹ́ẹ̀lì 2.5, ó ń fi ìrọ̀rùn gun òkè, kì í sì í mu epo bíi Hilux mi, èyí tí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí pẹtiróòlù lóṣù karùn-ún ọdún 2023. Ṣùgbọ́n ihò nọ́sù tó ń fọ́n epo sínú irú ẹńjìnnì bẹ́ẹ̀ kéré gan-an, kò sì lè fara da omi tàbí ìdọ̀tí. Lọ́jọ́ kan tí mo ra dísẹ́ẹ̀lì lẹ́bàá ọ̀nà, ọkọ̀ náà bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, èéfín funfun ń jáde lẹ́yìn rẹ̀. Mẹkáníìkì tú fílítà, ó da ohun tó wà nínú rẹ̀ sínú ìgò: dísẹ́ẹ̀lì lé téńté lókè, omi dúdú dúró sí ìsàlẹ̀. Nọ́sù méjì ni mo pààrọ̀, owó rẹ̀ sì dùn mí. Ẹni tó ta epo ló jẹ̀bi, kì í ṣe ọkọ̀. Bó bá jẹ́ Hilux oní-dísẹ́ẹ̀lì ni, ohun kan náà ni ì bá ṣẹlẹ̀ sí i. Bí ibi tí ẹ ti ń ra dísẹ́ẹ̀lì kò bá dá yín lójú, ẹ má rà á.

Bẹ́líìtì inú ẹńjìnnì 2.5 yẹn, tí wọ́n ń pè ní táímín bẹ́líìtì, tún wà ńbẹ̀. Bó bá já lórí ìrìn, fááfù àti písítìn á kọlu ara wọn, iṣẹ́ ńlá sì dé nìyẹn. Ẹ kò lè gba ohun tí mítà tòkunbọ̀ sọ gbọ́, nítorí náà, bí ẹ bá rà á, ẹ pààrọ̀ bẹ́líìtì náà kí ẹ tó gbé ẹrù kankan sí i. Ṣéènì irin ni Hilux 2.7 ń lò ní tirẹ̀ dípò bẹ́líìtì, ẹ̀yà ara rẹ̀ sì wà káàkiri, láti Ládípọ̀ ní Mushin títí dé Agodi Gate n'Ìbàdàn.

Ìyàwó yín lè fẹ́ràn L200 jù, torí ó máa ń yí ní àyè tóóró, Hilux sì máa ń ju èèyàn sókè gan-an bí kò bá sí ẹrù lẹ́yìn rẹ̀. Bí mẹkáníìkì tó sún mọ́ yín bá mọ L200 dunjú, tí ẹ sì mọ ibi tí dísẹ́ẹ̀lì gidi wà, èmi náà á ní kí ẹ rà á.

Èyíkéyìí tí ẹ bá yàn, ẹ wọ abẹ́ rẹ̀ kí ẹ tó sanwó. Iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì ní Yúróòpù nígbà òtútù máa ń jẹ irin, wọ́n sì lè fi ọ̀dà dúdú bò ó kó tó dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ fi hámà kékeré lu ṣásí, ìyẹn irin gbọọrọ abẹ́ ọkọ̀ tó gbé e dúró, láti iwájú dé ẹ̀yìn, pàápàá lókè sípíríǹgì ẹ̀yìn. Irin tó dáa á dún gbaingbain. Bó bá dún pòkòpòkò, tí ìpẹ́ ìpáàrà sì ń já bọ́, ẹ fi ọkọ̀ náà sílẹ̀ fún olówó rẹ̀, iye yòówù kó máa pè é.