Ìwé orin àtijọ́ ìjọ wa ní Òmù-Àrán kò ní nóòtù. Ṣé a lè rí ohùn àwọn orin náà?

Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ lè rí ohùn ọ̀pọ̀ nínú wọn. Lókè orin kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sábà rí ìwọ̀n, ìyẹn iye sílébù inú ìlà kọ̀ọ̀kan, bíi C.M. tàbí 8.7.8.7, pẹ̀lú ìlà àkọ́kọ́ orin Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n túmọ̀. C.M. (Common Metre) túmọ̀ sí ìlà mẹ́rin onísílébù 8, 6, 8, 6. Ohùn orin èyíkéyìí tó bá ní ìwọ̀n kan náà yóò gba ọ̀rọ̀ yẹn, bí kò tilẹ̀ ní bá ìró Yorùbá mu dáadáa.

Orin ìbílẹ̀, irú èyí tí Àlùfáà J.J. Ransome-Kuti kọ sínú rẹ́kọ́ọ̀dù ní Lọ́ńdọ̀nù ní 1922, yàtọ̀. Kì í sábà tẹ̀lé ìwọ̀n yìí. Àwọn àgbà ìjọ ni kí ẹ lọ bá: ẹ gba ohùn wọn sórí fóònù, kí ẹ wá kọ ọ́ ní sol-fa (do, re, mi).