Wọ́n fẹ́ yá ilẹ̀ ẹbí wa fi ṣe ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì: kí la ó bi wọ́n?

Ìbéèrè

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ẹ̀ńjíníà. Ìjọba ìbílẹ̀ Ìfẹ́lódùn ni ilé wa wà, lápá Ìgbàjà. Àwọn kan ti Ìlọrin wá bá olórí ẹbí wa pé àwọn fẹ́ yá éékà 500 nínú ilẹ̀ wa fún ọdún gbọọrọ, kí wọ́n fi ṣe ibùdó tí rọ́kẹ́ẹ̀tì á ti máa gbé sátẹ́láìtì lọ sókè. Wọ́n ní torí pé Kwara sún mọ́ ìlà agbedeméjì ayé ni, àti pé ẹ̀rọ ìgbàlódé ti mú ewu rẹ̀ kúrò. Wọ́n wá ní kí ẹbí kọ́kọ́ dá owó tí sọ̀féyọ̀ á fi wọn ilẹ̀. Àwọn àgbà ti ń dá a. Ṣé irú nǹkan báyìí lè ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Kí la lè bi wọ́n?

Ìdáhùn

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi sọ fún àwọn àgbà kí wọ́n dáwọ́ owó náà dúró ná. Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè o, mi ò rí wọn rí. Ṣùgbọ́n nínú ohun tí wọ́n sọ, ọ̀kan jẹ́ òótọ́, èkejì jẹ́ òótọ́ dé ìdajì, ohun tí wọn ò sì sọ ló wúwo jù.

Òótọ́ ibẹ̀ ni ti ìlà agbedeméjì ayé. Ayé ń yí láti ìwọ̀ oòrùn sí ìlà oòrùn, gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ sì ń bá a yí. Rọ́kẹ́ẹ̀tì tó bá kọjú sí ìlà oòrùn ti ní eré lára kó tó gbéra, bí ẹni tó bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀ tí kò tíì dúró, tí ara rẹ̀ ṣì ń lọ síwájú. Lórí ìlà náà gan-an, eré yẹn tó 1,670 kìlómítà ní wákàtí kan. Lọ́dọ̀ wa níbí, ó tó 1,650. Ní Cape Canaveral ní Florida, bí 1,470 ni. Ní Baikonur ní Kazakhstan, bí 1,160. Ìdí nìyí tí àwọn ará Faransé fi gbé ibùdó rọ́kẹ́ẹ̀tì tiwọn lọ sí Kourou, ní Gúúsù Amẹ́ríkà, nítòsí ìlà náà. Tó bá jẹ́ èyí nìkan ni, Kwara ì bá fi Florida sẹ́yìn.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ara rọ́kẹ́ẹ̀tì ló ń dé òkè. Abala ìsàlẹ̀, tó ru ẹ̀rọ ńlá àti àgbá epo, máa ń já sílẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ó sì lè bọ́ síbi tó fi ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà jìnnà síbi tó ti gbéra. Ẹ fi ìka tẹ̀lé máàpù láti Ìgbàjà lọ sí ìlà oòrùn: ilẹ̀ Yàgbà, Lọ́kọ́jà, ẹ sọdá odò, Nasarawa, Benue, Taraba, títí dé Kamẹrúùnù. Orí òrùlé ta la fẹ́ kó já lé?

Òkun ló wà ní ìlà oòrùn Cape Canaveral àti Kourou. Àárín ilẹ̀ ni ibùdó Xichang ní Ṣáínà wà ní tirẹ̀. Ní oṣù Kejì ọdún 1996, rọ́kẹ́ẹ̀tì kan yà kúrò lọ́nà kété tó gbéra níbẹ̀, ó já sí ẹ̀gbẹ́ abúlé kan, ó sì pa èèyàn. Etí òkun, ní Wenchang, ni wọ́n kọ́ ibùdó wọn tuntun sí. Ísírẹ́lì ní tiwọn kì í kọjú rọ́kẹ́ẹ̀tì sí ìlà oòrùn rárá nítorí àwọn aládùúgbò wọn. Ìwọ̀ oòrùn ni wọ́n ń jù ú sí, gba orí òkun, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìyípo ayé ń dí i lọ́wọ́. Ní Áfíríkà níbí, inú òkun ni àwọn ará Ítálì ri pèpéle San Marco mọ́, nítòsí Malindi ní Kenya, wọ́n sì ti ibẹ̀ gbé sátẹ́láìtì lọ sókè láti 1967 títí di 1988.

Lóòótọ́, àwọn ibùdó kan wà láàárín ilẹ̀. Baikonur ní pápá gbalasa tí èèyàn kò pọ̀ nínú rẹ̀. Esrange ní Sweden ń ju rọ́kẹ́ẹ̀tì kéékèèké tó kàn ń lọ sókè tó ń padà sílẹ̀, síbẹ̀ ilẹ̀ tí wọ́n yà sọ́tọ̀ kó máa bọ́ sí ju 5,000 kìlómítà onígun mẹ́rin lọ. Gbogbo Ìfẹ́lódùn látòkèdélẹ̀ kò tó bẹ́ẹ̀. Éékà 500 yín jẹ́ kìlómítà onígun mẹ́rin méjì péré.

Ẹ̀rọ ìgbàlódé ńkọ́? Ibẹ̀ ni òótọ́ dé ìdajì. Tẹ́lẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ á jókòó ti rédà, wọ́n á máa wo ibi tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ń forí lé. Tó bá yà, ọ̀kan nínú wọn á tẹ bọ́tìnnì, á fi rédíò pàṣẹ kó fọ́ lójú òfurufú. Ní báyìí, àpótí kan wà nínú rọ́kẹ́ẹ̀tì fúnra rẹ̀ tó ń fi GPS mọ ibi tó wà, wọ́n sì ti kọ ààlà tí kò gbọ́dọ̀ ré kọjá sínú rẹ̀. Tó bá ré e kọjá, àpótí náà ló máa dá a lẹ́jọ́, á fọ́ ọ láìbi ẹnikẹ́ni. Ní oṣù Kejì ọdún 2017 ni rọ́kẹ́ẹ̀tì Falcon 9 kọ́kọ́ gbára lé e ní Florida. Mo fẹ́ràn ẹ̀rọ yìí gan-an: ó dín rédà àti òṣìṣẹ́ kù, ó sì jẹ́ kí rọ́kẹ́ẹ̀tì lè tẹ̀ lé ara wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n tó bá fọ́ ọ, ẹ̀fọ́kù rẹ̀ ṣì gbọ́dọ̀ rí ibi bọ́ sí. Ààlà ló ń ṣọ́. Kò lè sọ ibi tí èèyàn ń gbé di aṣálẹ̀.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa bi wọ́n nìyẹn: kí wọ́n gbé máàpù ibi tí abala ìsàlẹ̀ máa bọ́ sí wá. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ yìí kì í jìnnà sí máàpù yẹn, torí òun ni wọ́n fi ń ṣírò ewu. Ní Amẹ́ríkà, òfin ò gba rọ́kẹ́ẹ̀tì láyè tí ìṣirò bá fi hàn pé nínú ìgbà 10,000 tó bá gbéra, yóò ju èèyàn kan lọ tó máa pa tàbí ṣe léṣe.

Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè omi. Ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀ pé omi ni pèpéle rọ́kẹ́ẹ̀tì ń mu jù. Ariwo ẹ̀rọ náà, tó bá kọ lu ilẹ̀ tó sì ta padà sókè, lè gbo sátẹ́láìtì orí rẹ̀ jìgìjìgì títí yóò fi bàjẹ́, omi ni wọ́n sì fi ń pa ariwo náà. Pèpéle 39B ní Florida ń tú bí mílíọ̀nù 1.7 lítà jáde kí ìṣẹ́jú kan tó pé. Táńkà olómi tó ń gbé 10,000 lítà, 170 rẹ̀ nìyẹn. Rọ́kẹ́ẹ̀tì kékeré kò ní gbà tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n àpáta ló wà lábẹ́ ilẹ̀ wa, ẹ̀yin náà sì mọ bí kànga ṣe ń rí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ní Texas, ní oṣù Kẹrin ọdún 2023, wọ́n gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì ńlá Starship sókè láìsí omi tó tó lábẹ́ rẹ̀: iná rẹ̀ hú kọnkéré jáde, ó sì fọ́n òkúta káàkiri. Kí wọ́n tó tún gbé òmíràn sókè ní oṣù Kọkànlá, wọ́n ti fi irin tó nípọn tó ń tu omi sókè rọ́pò kọnkéré náà.

Ti àrá náà wà níbẹ̀, ojú ọ̀run wa láti oṣù Kẹrin sí oṣù Kẹwàá kò ṣe é bá ṣeré. Mànàmáná ba rọ́kẹ́ẹ̀tì Atlas kan jẹ́ ní Florida lọ́dún 1987.

Ní ti ìwé, ẹ béèrè àṣẹ NASRDA, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òfurufú àti sátẹ́láìtì, ẹ béèrè ti NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso ìrìnnà bàálù, nítorí bàálù tó ń gba orí wa kọjá, kí ẹ sì béèrè àbọ̀ ìwádìí lórí àyíká tí òfin ọdún 1992 ní dandan. Ẹ má gba fọ́tò rẹ̀ lórí fóònù. Ẹ mú ẹ̀dà, kí lọ́yà yín wò ó. Ìjọba àpapọ̀ pàápàá, ẹ̀bá omi ní Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n fi ibùdó ìwádìí rọ́kẹ́ẹ̀tì wọn sí, ilẹ̀ òkèèrè, Rọ́ṣíà àti Ṣáínà, ni àwọn sátẹ́láìtì wa, NigeriaSat-1 àti NigComSat, sì ti gbéra.

Owó sọ̀féyọ̀ ńkọ́? Ẹni tó fẹ́ yá ilẹ̀ ló ń san án. Tí wọ́n bá wá yí ohùn padà pé àwo ńlá tó ń gba ìròyìn láti ara sátẹ́láìtì ni àwọn fẹ́ gbé kalẹ̀, ìyẹn lè ṣeé ṣe ní Ìfẹ́lódùn, àmọ́ kì í gbà ju éékà mélòó kan lọ. Ẹ fi ìwé tí wọ́n bá mú wá ránṣẹ́ sí mi, màá bá yín wò ó kí ẹnikẹ́ni tó tọwọ́ bọ̀ ọ́.