Ikọ́ ife: ẹ má jẹ́ kó dá oògùn dúró

Màmá, ẹ ní ọmọ yín ti lo oògùn ikọ́ ife fún oṣù 2, ikọ́ ti dá, ẹran ti ń pọ̀ lára rẹ̀, ó wá ní ara òun á bá èyí tó kù jà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà fún un. Ṣágámù níbí ni mo ti gba ìtọ́jú tèmi, mo mọ bí oṣù kẹta yẹn ṣe ń tan èèyàn.

Ara ń jà lóòótọ́. Sẹ́ẹ̀lì funfun inú ẹ̀jẹ̀ ló ń gbé kòkòrò tó bá wọ ẹ̀dọ̀fóró mì kó lè pa á. Ṣùgbọ́n kòkòrò ikọ́ ife le: inú sẹ́ẹ̀lì tó gbé e mì náà ló ń fi ṣe ilé. Bí ara bá rí i pé apá òun ò ká a, á kó sẹ́ẹ̀lì jọ yí i ká bí ìgbà tí wọ́n mọ odi yí ọ̀daràn ká. Ó lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, kò kú, kò sì ṣe nǹkan kan, títí okun ara á fi dínkù.

Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń lo oògùn 4 pọ̀ fún oṣù 2 àkọ́kọ́: rifampicin, isoniazid, pyrazinamide àti ethambutol. Èyí tí ọ̀kan bá fojú fò, òmíràn á pa á. Àwọn kòkòrò tó ń pọ̀ sí i ló ń tètè kú, ni ikọ́ fi ń dá. Àwọn tó lúgọ ni rifampicin àti isoniazid ń wá kiri fún oṣù 4 tó kù. Ẹnìkan tí a jọ ń ṣa obì ní Sábó fi tirẹ̀ sílẹ̀ nígbà tí ara yá a. Nígbà tí àìsàn náà padà dé, kò gbóògùn tàtẹ̀yìnwá mọ́, ẹni náà sì ń pọ ẹ̀jẹ̀.

Oògùn náà nira, mi ò ní purọ́. Kí n tó jẹun ni nọ́ọ̀sì ní kí n máa lò ó. Èébì á máa gbé mi, màá jókòó sójú kan títí á fi rọlẹ̀, kí n tó lè fẹnu kan ìkòkòrẹ́ tí ìyàwó mi sè. Ìtọ̀ á pọ́n. Rifampicin ni, kì í ṣe ẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ń jó mi, wọ́n sì fún mi ní fítámìn B6. Ṣùgbọ́n tí ojú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹni tó ní ibà pọ́njú, kó lọ rí dókítà lọ́jọ́ náà, torí ẹ̀dọ̀ ni. Kó jìnnà sí ọtí àti àgbo.

Ṣé ọmọdé wà nínú ilé? Ẹ gbé wọn lọ fún àyẹ̀wò, pàápàá àwọn tí kò tíì pé ọdún 5.