Bọ́ǹdì Ọdún 1934: Kò Sí Báńkì Tó Máa Bá Yín Pààrọ̀ Rẹ̀

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o, sà. Amẹ́ríkà ni bàbá wa tó ṣaláìsí lọ́dún tó kọjá ti kàwé, wọ́n sì ṣiṣẹ́ díẹ̀ níbẹ̀ kí wọ́n tó padà wálé. Lẹ́yìn ìsìnkú, ọ̀rẹ́ wọn kan gbé àpótí irin kékeré wá, ó ní òun àti Bàbá ni wọ́n jọ ni ín. Bọ́ǹdì Federal Reserve ti ọdún 1934 ló wà nínú rẹ̀, ewé 250, bílíọ̀nù kan dọ́là lórí ewé kọ̀ọ̀kan. Ó ní nígbà tí ọ̀dá owó dá Amẹ́ríkà, tí báńkì ń wó, tí ogun sì ń rọ̀ dẹ̀dẹ̀, ìjọba wọn kó wúrà lọ pamọ́ sí Éṣíà, bọ́ǹdì yìí ni wọ́n sì fi ṣe ẹ̀rí. A gbọ́dọ̀ san mílíọ̀nù méjì ààbọ̀ náírà kí wọ́n tó lè "jí" i, ìyẹn ni pé kí owó inú rẹ̀ lè jáde. Báńkì wo l'Ékòó ló lè bá wa pààrọ̀ rẹ̀? Mo fi fọ́tò ránṣẹ́. Káàdì kékeré kan tún wà níbẹ̀ tí a bá nínú Bíbélì Bàbá, ṣùgbọ́n ìyẹn ò já mọ́ nǹkan kan, kòkòrò ti lù ú.

ÌDÁHÙN: Ẹ má san kọ́bọ̀. Bí ẹ bá ti san nínú rẹ̀, ẹ fi ìyókù sápò yín, kí ẹ má sì gbé ìpè ọkùnrin náà mọ́. Ẹ bi mí pé báńkì wo ló lè bá yín pààrọ̀ rẹ̀. Kò sí, ìbáà ṣe l'Ékòó, ìbáà ṣe ní New York, torí kò sí ohun tí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ níbẹ̀. Bébà lásán ni.

Kí n tètè sọ ọ́: iṣẹ́ ìṣirò owó ni mo ń ṣe, n kì í ṣe agbẹjọ́rò, fọ́tò nìkan ni mo sì rí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ bọ́ǹdì yìí ò gba pé kí n fọwọ́ kàn án. Irú lẹ́tà yín ti pọ̀ lọ́wọ́ mi débi pé mo mọ ibi tó ń lọ kí n tó kà á dé ìdajì: àpótí irin, ọdún 1934, wúrà tó wà ní Éṣíà, àti owó kékeré tí ẹ̀yin máa san kí owó ńlá tó jáde. Ó ń bí mi nínú gan-an. Àwọn èèyàn rò pé olójúkòkòrò ló ń kó sí i. Àwọn tí mo ń rí, ọmọ olóòkú ni wọ́n, tí wọn ò fẹ́ kí ogún bàbá wọn ṣègbé.

Federal Reserve ni báńkì àgbà Amẹ́ríkà, òun ló ń gbé owó bébà jáde. Kì í ta bọ́ǹdì. Bọ́ǹdì ni ìwé tí ìjọba fi ń yáwó lọ́wọ́ aráàlú, Iléeṣẹ́ Ìṣúra Amẹ́ríkà ló sì ń ṣe ìyẹn. Ẹni tó bá gbé bọ́ǹdì Federal Reserve wá bá yín, bí ẹni tó gbé ìwé ilẹ̀ wá tó ní JAMB ló fọwọ́ sí i ló rí.

Ẹ tún wo iye tó wà lórí rẹ̀. Ewé 250, bílíọ̀nù kan lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, bílíọ̀nù 250 dọ́là nìyẹn. Ní àárín ọdún 1934, gbogbo gbèsè tó wà lọ́rùn ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà pátá ò ju nǹkan bíi bílíọ̀nù 27 dọ́là lọ. Gbogbo ohun tí ilẹ̀ náà mú jáde lọ́dún yẹn, tòun ti oko, ilé iṣẹ́ àti ọjà, kò pé bílíọ̀nù 70. Àpótí kan ṣoṣo tó wà ní pálọ̀ yín ju ìlọ́po mẹ́sàn-án gbèsè gbogbo Amẹ́ríkà lọ. Àpótí yín nìkan kọ́ o. Mo ti rí fọ́tò àpótí míì tó jọ ọ́ bí ìbejì.

Mo mọ̀ pé ìtàn tí ọkùnrin náà sọ ló mú yín, àbùkù ò sì kàn yín, torí òótọ́ wà nínú rẹ̀. Ọ̀dá owó dá lóòótọ́. Láàárín 1930 sí 1933, báńkì bíi 9,000 ló kógbá sílé ní Amẹ́ríkà. Ní 1933, nínú òṣìṣẹ́ mẹ́rin, ọ̀kan ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Bí báńkì bá wó, ó di kí aráàlú máa dúró de ohun tí wọ́n bá rí kó jọ nínú àwókù rẹ̀, torí ìjọba àpapọ̀ ò tíì ní ètò ìbánigbófò fún owó inú báńkì. Oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1934 ni ti FDIC bẹ̀rẹ̀, òun la lè pè ní ẹ̀gbọ́n NDIC tiwa, 2,500 dọ́là péré ló sì ń dáàbò bò fún ẹnì kọ̀ọ̀kan nígbà náà.

Ṣé irú ìjọba bẹ́ẹ̀ ló wá ń há bílíọ̀nù fún àwọn àjèjì? Ẹ gbọ́ ohun tí ó ṣe fún àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Ní 1924, òfin kan fún àwọn tó ja Ogun Àgbáyé Kìíní ní ìwé ẹ̀rí owó, bíi 1,000 dọ́là lórí ẹnì kan ní ìpíndọ́gba, ṣùgbọ́n ọdún 1945 ni wọ́n tó máa rí i gbà. Ebi ò jẹ́ kí wọ́n lè dúró. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1932, àwọn ológun àtijọ́ bíi 17,000 kóra wọn lọ sí Washington, àwọn míì tìyàwó tọmọ, wọ́n pàgọ́ sí Anacostia lẹ́bàá odò, wọ́n ní kí ìjọba san owó àwọn báyìí. Ilé aṣòfin àgbà ò gbà. Ní ọjọ́ 28 oṣù Keje, Ààrẹ Hoover ní kí àwọn ṣọ́jà lọ kó wọn kúrò nígboro, Ọ̀gágun Douglas MacArthur ló ṣáájú wọn, pẹ̀lú ẹṣin, ọkọ̀ ogun àti tajútajú, àgọ́ wọn sì jóná ráúráú. Ọdún 1936 ni wọ́n tó rí owó náà gbà, Roosevelt tó jẹ́ ààrẹ nígbà náà pàápàá ò fẹ́, àwọn aṣòfin ló borí rẹ̀. Bọ́ǹdì ni wọ́n fi san án. Ẹ mọ iye tó wà lórí bọ́ǹdì kọ̀ọ̀kan? 50 dọ́là.

Ẹ jẹ́ ká wá bọ́ sórí wúrà, torí ibẹ̀ ni irọ́ náà ti tóbi jù. Ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ọdún 1933 ni Roosevelt gorí àléfà. Ní ọjọ́ 6, ó ti gbogbo báńkì pa, ọjọ́ 13 ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí ṣí àwọn tó yè. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹrin, ó pàṣẹ kí aráàlú kó owó wúrà wọn wá fún ìjọba, 20.67 dọ́là lórí áúnsì kan, yàtọ̀ sí ẹ̀ṣọ́ ara àti ìwọ̀nba owó wúrà 100 dọ́là tí ẹnì kan lè fi sọ́wọ́. Ẹ̀wọ̀n tó lè tó ọdún mẹ́wàá ń dúró de ẹni tó bá kọ̀. Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹfà, àwọn aṣòfin fagi lé gbogbo àdéhùn pé wúrà ni wọ́n máa fi san gbèsè, títí kan bọ́ǹdì ìjọba fúnra rẹ̀. Nígbà tí oṣù Kìn-ín-ní 1934 fi máa parí, Iléeṣẹ́ Ìṣúra ló ni gbogbo wúrà náà, iye áúnsì kan sì ti di 35 dọ́là.

Kí ló wá ṣẹlẹ̀? Àwọn tó ní wúrà ní Yúróòpù rí i pé Amẹ́ríkà ń ra wúrà lówó gọbọi, wọ́n rí Hitler lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé wọn, wọ́n bá ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wúrà wọn sọdá. Wúrà náà pọ̀ débi tí ìjọba fi kọ́ ilé ìṣúra sí Fort Knox ní Kentucky, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí kó o síbẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní ọdún 1937. Wúrà ń wọ Amẹ́ríkà bí omi nítorí pé ogun ń bọ̀, ọ̀rẹ́ bàbá yín wá ní ó ń jáde nítorí pé ogun ń bọ̀. Ọmọ Amẹ́ríkà lásán ò tún lómìnira láti ra wúrà gidi pamọ́ títí di ìparí ọdún 1974. Bọ́ǹdì 1934 tó bá ṣèlérí wúrà fún ẹnikẹ́ni tó bá gbé e wá, ohun tí òfin ti pa ní ọdún tó ṣáájú ló ń ṣèlérí.

Wọ́n á fi ohun kan hàn yín, kó má tàn yín jẹ. Ìwé owó 100,000 dọ́là ti 1934 wà ní tòótọ́, àwòrán Ààrẹ Woodrow Wilson ló wà lójú rẹ̀. Àárín àwọn báńkì Federal Reserve nìkan ni wọ́n ti ń lò ó láti fi ṣe ìṣirò láàárín ara wọn, kò wọ ọjà rí, kò sì bófin mu kí aráàlú ní in lọ́wọ́. Iye tó ga jù tí wọ́n tíì tẹ̀ sórí owó Amẹ́ríkà rí nìyẹn. Kò dé mílíọ̀nù, ká tó wá sọ bílíọ̀nù.

Nígbà tí ogun wá dé ńkọ́? Ìjọba yáwó lọ́wọ́ àwọn báńkì àti iléeṣẹ́ ńlá, ó sì yá lọ́wọ́ ọmọ iléèwé. Bọ́ǹdì tí wọ́n ń pè ní Series E jáde ní oṣù Karùn-ún 1941, Roosevelt fúnra rẹ̀ ló ra àkọ́kọ́. Èèyàn á ra ti 25 dọ́là ní 18.75, lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá ó di 25. Ọmọdé tí kò ní 18.75 á máa ra sítáǹbù sẹ́ǹtì 25, á máa lẹ̀ ẹ́ mọ́ ìwé kékeré, tó bá pé 75, ó tó bọ́ǹdì kan. Ó lé ní mílíọ̀nù 80 èèyàn tó ra bọ́ǹdì nígbà ogun yẹn. Orúkọ olówó sì máa ń wà lójú bọ́ǹdì Series E. Kì í ṣe ohun tí ọ̀rẹ́ kan lè gbé wá lẹ́yìn ìsìnkú pé tàwọn méjèèjì ni.

Fọ́tò yín dà? Ní ìsàlẹ̀ ewé àkọ́kọ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Washington, nọ́ḿbà kan wà: 20551. Nọ́ḿbà ìfìwéránṣẹ́ nìyẹn. Ọdún 1963 ni Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí lo irú nọ́ḿbà bẹ́ẹ̀. Àwọn gbájúẹ̀ yìí kì í tilẹ̀ ṣe iṣẹ́ wọn dáadáa.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni wọ́n ti ń ṣe é o, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìyẹn bú yín. Ní 2012, àwọn agbófinró Ítálì gba ayédèrú bọ́ǹdì Amẹ́ríkà tí iye tí wọ́n kọ sí i tó tírílíọ̀nù mẹ́fà dọ́là, inú àpótí irin ní Zurich ni wọ́n ti bá a, ọdún 1934 ló sì wà lójú rẹ̀.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣe: ẹ kó gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ sí yín jọ, ẹ gbé e lọ fún EFCC. Òfin ọdún 2006 lórí irú jìbìtì yìí wà, ẹ fi agbẹjọ́rò tó mọ̀ ọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹ bá lágbára rẹ̀, torí ohun tí mo kọ síbí ò lè rọ́pò ìmọ̀ràn rẹ̀. Ẹ má gbé àpótí náà kọjá ẹnubodè, ẹ má sì fún báńkì kankan. Bí ẹ bá gbé e lọ lẹ́yìn tí ẹ ti ka èyí, n ò mọ bí ẹ ṣe fẹ́ sọ pé ẹ ò mọ̀.

Ó wá ku káàdì inú Bíbélì. Kòkòrò kọ́ ló lù ú. Ẹ̀rọ ló lu ihò wẹ́wẹ́ yẹn. Bọ́ǹdì Series E ni káàdì yẹn, ọdún 1957 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é bẹ́ẹ̀, kí kọ̀ǹpútà ayé ìgbà náà lè kà á. Mo rí 50 dọ́là lójú rẹ̀, mo rí ọdún 1968, mo sì rí orúkọ bàbá yín. Bóyá ibi iṣẹ́ ni wọ́n ti ń yọ owó rẹ̀ nínú owó oṣù wọn, ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. 37.50 dọ́là ni wọ́n rà á. Bó bá jẹ́ ojúlówó, tí ẹnikẹ́ni ò sì tíì gba owó rẹ̀, ó jèrè fún ọgbọ̀n ọdún, títí di 1998. Èrè ti dúró, ṣùgbọ́n owó náà wà níbẹ̀, ó sì ju iye tí wọ́n fi rà á lọ ní ìlọ́po mélòó kan. N ò ní sọ iye, ẹ lọ wò ó fúnra yín lórí TreasuryDirect, ìkànnì Iléeṣẹ́ Ìṣúra wọn. Wọ́n máa béèrè ìwé ẹ̀rí ikú Bàbá àti ẹ̀rí pé ẹ̀yin ni àrólé, ó sì lè pẹ́ díẹ̀. Ẹ má fi lámínétì bò ó, ẹ má kọ nǹkan kan sí i, ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn rẹ̀, kí ẹ sì kọ nọ́ḿbà orí rẹ̀ síbòmíì. Iléeṣẹ́ Ìṣúra kì í gba owó lọ́wọ́ èèyàn kó tó san bọ́ǹdì fún un.