Gìtá Jẹ́jẹ́ Tí Kò Ní Ọ̀rọ̀ Lẹ́nu: Ṣé Haraamu Ni?

Ìbéèrè: Àsàláámù aláékùm, àáfà wa. Ìkọ̀lé-Èkìtì ni mo wà, aṣọ ni mo ń rán. Tí mo bá kírun Ìṣáì tán tí mo jókòó ti máṣíìnì, mo máa ń gbọ́ àwo orin kan tí Steve Hackett gbé jáde ní 1983, Bay of Kings. Kò sẹ́ni tó ń kọrin níbẹ̀, gìtá jẹ́jẹ́ ni. Nígbà mìíràn ó ń fi mí lọ́kàn balẹ̀ ju Kùránì lọ. Ọ̀rẹ́ mi ní haraamu ni. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Wà aláékùmù sàláámù, ọmọ mi. Ọ̀rẹ́ rẹ kò purọ́. Ó wà nínú ìwé tí Imáàmù Bùhárì kó hádíìsì, ìyẹn ọ̀rọ̀ Ànábì, jọ sí, pé Ànábì (kí ikẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) sọ nípa àwọn kan tí wọn yóò sọ sìná, aṣọ ṣẹ́dà, ọtí àti ohun èlò orin di halaali. Òun ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ mọ́sàbì (ìlànà òfin ẹ̀sìn) mẹ́rẹ̀ẹ̀rin dì mú, àti ti Máálíkì tí àwa ń tẹ̀lé. Ibnu Hazm, onímọ̀ àtijọ́ kan ará Andalúsì, ní okùn hádíìsì náà já, ìyẹn okùn àwọn tó gbà á látẹnu ara wọn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ dá a lóhùn pé kò já. Ọ̀dọ̀ àwọn tó pọ̀ lèmi wà, ṣùgbọ́n n kò ní tìtorí gìtá bá ẹnikẹ́ni jà. Àwa tí ìlù wéré ń jí fún sààrì ní kékeré, ẹnu wa kò gbà á.

Má kàn sọ fún mi pé jẹ́jẹ́ ni. Mo mọ̀ pé ọkùnrin yẹn fi ẹgbẹ́ rọ́ọ̀kì Genesis sílẹ̀ ní 1977, àti pé gìtá olókùn náílọ́ọ̀nù ló gbé dání nínú àwo yìí. Hádíìsì kò dárúkọ ariwo. Imáàmù Gàsálì, onímọ̀ àtijọ́ kan, ní orin kì í gbé ohun tí kò sí nínú ọkàn síbẹ̀, èyí tó wà níbẹ̀ ló ń rú sókè. Èyí tó rọra wọlé lè rú u ju èyí tó ń pariwo lọ.

Àmọ́ “ju Kùránì lọ” tí o kọ yẹn ni kò jẹ́ kí n sùn. Wákàtí mélòó lo ń fún gìtá lálẹ́? Kùránì ńkọ́? Bóyá Fátíhà nìkan, o tún ń kánjú. Gìtá kò ní ìtumọ̀ tí o máa wá, Kùránì ní. Pa àwo náà tì fún ọ̀sẹ̀ méjì. Mú Súrà Rahmáánì pẹ̀lú ìtumọ̀ Yorùbá, kí o fi ẹnu ara rẹ kà á díẹ̀díẹ̀. Ṣùgbọ́n kà á kí o tó jókòó ti máṣíìnì o. Súrà Àráàfù, áyà 204, ní tí wọ́n bá ń ké Kùránì kí a tẹ́tí, kí a dákẹ́. Má wá sọ ọ́ di orin ìránṣọ. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá pé, wá bá mi ní Adó lẹ́yìn Jímọ̀, kí o sọ bó ṣe rí.