Sorbet tí kò dì nínú ẹ̀rọ, tó wá di òkúta ní fírísà

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìdààmú ẹ̀rọ o. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi nìyí: ẹ̀rọ áísìkiriìmù tí wọ́n ń gbé abọ́ rẹ̀ sí fírísà ni wọ́n fi ránṣẹ́ sí yín láti òkè òkun. Ẹ fi ọ̀pẹ̀ òyìnbó ṣe sorbet (èso lílọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n yí títí tó fi dì bí áísìkiriìmù), ó yí fún ìṣẹ́jú 40, omi ló ṣì jẹ́. Ẹ dà á sínú ike, ẹ gbé e sí fírísà, ilẹ̀ mọ́, ṣíbí ò wọ̀ ọ́ mọ́. Ìdajì ṣúgà tí wọ́n kọ lẹ sì lò, torí ẹ ò fẹ́ adùn àdùnjù. Ẹ wá ń bèèrè bóyá kí ẹ ta ẹ̀rọ yìí, kí ẹ ra oníkọ́ńpírẹ́sọ̀, èyí tó ń fúnra ẹ̀ mú nǹkan tutù bíi fíríìjì.

Àìsàn méjì lẹ kó pọ̀ yẹn, oògùn wọn ò sì jọra. Pé kò dì nínú ẹ̀rọ, abọ́ yín ni kò tutù tó. Pé ó di òkúta lọ́jọ́ kejì, ṣúgà tẹ́ ẹ gé ló fà á. Ẹni tó bá ní kí ẹ fi ṣúgà kún un kó lè tètè dì, ẹ má dá a lóhùn: bí ṣúgà bá ṣe ń pọ̀ sí i ni dídì rẹ̀ á máa pẹ́ sí i.

Ẹ jẹ́ ká mú ti abọ́ ṣáájú, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń fìyà jẹ èèyàn jù. Abọ́ yẹn ní ògiri méjì, omi kan sì wà láàárín wọn tí kò ní ibi tí wọ́n ń gbà dà á jáde. Omi yẹn gan-an ni ẹ̀rọ yín. Mọ́tò tó wà lórí kì í mú nǹkan kan tutù, yíyí nìkan ló mọ̀. Tí omi inú ògiri yẹn ò bá dì gbagidi, ẹ lè yí i di ọ̀la. Ìwé tó bá ẹ̀rọ wá á kàn ní kí ẹ gbé abọ́ sí fírísà mọ́jú. Mọ́jú ibo? Fírísà ẹni tó kọ ìwé yẹn wà ní dígírì -18 tọ̀sán tòru, iná kì í lọ lọ́dọ̀ rẹ̀. Lọ́dọ̀ tiwa, iléeṣẹ́ iná á ní Band A lẹ wà, pé wákàtí 20 ni iná yín lójúmọ́, owó Band A lẹ ó sì máa san, síbẹ̀ iná á lọ ní alẹ́ tí abọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ fírísà. Tẹ́ ẹ bá pè wọ́n, wọ́n á ní àwọn ti ń ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀. Iná á dé fún wákàtí mẹ́ta, á tún lọ. Kí ilẹ̀ ọ̀túnla tó mọ́, abọ́ ti lo wákàtí 36 nínú fírísà, ṣùgbọ́n fírísà fúnra ẹ̀ lè má ṣiṣẹ́ ju wákàtí 10 lọ níbẹ̀. Wákàtí iná ni kí ẹ máa kà, ẹ má ka ti aago. Wákàtí iná 24 ni kó jẹ́, kí wọ́n tẹ̀ léra wọn tó bá ṣeé ṣe, torí gbogbo wákàtí tí iná ò sí ń jẹ nínú èyí tẹ́ ẹ ti kó jọ.

Ẹ gbé abọ́ sí etí, kí ẹ mì í. Tẹ́ ẹ bá gbọ́ kí omi ró nínú ẹ̀, bó ti wù kó kéré tó, ẹ dá a padà. Ibi tí àwọn tó ń ṣe fídíò máa ń parí ọ̀rọ̀ sí nìyẹn, wọn kì í sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù: pé omi ò ró mọ́ kò túmọ̀ sí pé abọ́ ti tó lò. Ó kàn ti dì ni. Abọ́ tó dì tó wà ní dígírì -8 àti èyí tó wà ní -18, bákan náà ni wọ́n ṣe máa dákẹ́ létí yín, ṣùgbọ́n ọ̀kan nínú wọn ò ní ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn tó bá ti dákẹ́, ẹ tún fún un ní wákàtí iná mẹ́fà tàbí mẹ́jọ sí i.

Ẹ ra tẹmómítà fírísà, kò wọ́n, kí ẹ fi sínú ẹ̀ mọ́jú. Àìmọye fírísà àtijọ́ tí gáàsì wọn ti rẹ̀ ni kì í kọjá -10. Ó lè dì ẹja, ó lè dì ẹran, kò lè ṣètò abọ́ yìí. Fírísà onídùbúlẹ̀ ló dára jù, kí abọ́ wà nísàlẹ̀, kó fara ti ògiri níbi tí yìnyín ti ń hù. Èyí tó wà lókè fíríìjì tí àwọn ọmọ ń ṣí ní gbogbo ìgbà, ẹ gbàgbé ẹ̀. Lọ́jọ́ tí abọ́ bá wà nínú ẹ̀, ẹ má kó píọ̀ wọ́tà tó gbóná láti inú oòrùn sí i, torí òun ló máa kọ́kọ́ fa òtútù abọ́ mu. Ẹ fi ìgò omi tó ti dì yí abọ́ ká dípò ìyẹn, wọ́n á gbà á sílẹ̀ díẹ̀ tí iná bá lọ.

Kí abọ́ gbẹ ṣáká kó tó wọlé. Omi tó bá ṣẹ́ kù nísàlẹ̀ ẹ̀ á dì pẹrẹsẹ, ọwọ́ tó ń rò ó á sì máa ha á, mọ́tò á máa ké. Ẹ fi ọ̀rá wé e kí ìrì má bàa bò ó. Tẹ́ ẹ bá lò ó tán, ẹ jẹ́ kó yọ́ dáadáa kó tó kan omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́, torí omi gbígbóná lórí abọ́ tó ṣì dì lè là á. Ṣíbí onírin ò gbọ́dọ̀ kàn án rárá.

Omi èso náà gbọ́dọ̀ tutù kó tó dé inú abọ́. Èyí tó ń ti bùlẹ́ńdà bọ̀ wà ní bíi dígírì 30 nílé wa. Òtútù tó máa gbé e wálẹ̀ sí 4 ju ìdajì èyí tó máa fi dì lọ. Òtútù inú abọ́ sì níwọ̀n, kò ní orísun míì. Ẹ jẹ́ kó sùn ní fíríìjì, tàbí kí ẹ gbé e sí fírísà títí etí ẹ̀ á fi bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Àárọ̀ kùtù ni kí ẹ ṣe é, kí ilé ìdáná tó gbóná.

Ẹ tan ẹ̀rọ kó máa yí kí ẹ tó da omi èso sí i. Tẹ́ ẹ bá kọ́kọ́ dà á, kíá ló máa dì mọ́ ògiri, ọwọ́ ẹ̀rọ á há. Fún abọ́ lítà 1.5, ẹ má kọjá mílílítà 900, torí ó máa wú. Ìṣẹ́jú 20 sí 25 ló yẹ kó gbà. Tó bá di ìṣẹ́jú 25 tó ṣì jẹ́ omi, ẹ pa á. Kò ní dì mọ́ lọ́jọ́ yẹn. Ìṣẹ́jú 15 tẹ́ ẹ fi kún un yẹn, ṣe ni abọ́ ń gbóná sí i. Ẹ dá omi èso padà sí fíríìjì, kí ẹ tún abọ́ dì láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ ṣètò ínfátà sílẹ̀ náà, kékeré lásán tó o, mọ́tò yìí ò jẹná. Tí iná bá lọ láàárín tẹ́ ẹ dúró wò ó, á dì mọ́ ọwọ́ ẹ̀rọ.

Kí n má gbàgbé: ẹ yí ìdí ẹ̀rọ yẹn sókè kí ẹ ka ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹ ò sọ ìlú tó ti wá. Tó bá jẹ́ Amẹ́ríkà, 120V, 60Hz lẹ máa rí. Tiwa jẹ́ 230 sí 240V, 50Hz. Tẹ́ ẹ bá kì í bọ ògiri bẹ́ẹ̀, mọ́tò á jó. Àwọn oníṣòwò kan á ta plọ́ọ̀gì ìpààrọ̀ fún yín, wọ́n á ní ó ti tó. Plọ́ọ̀gì ìpààrọ̀ kì í dín iná kù, ẹnu rẹ̀ nìkan ló yí padà. Tiransifọ́mà tó ń já a wálẹ̀ sí 110 lẹ nílò. Òun náà ò sì lè sọ 50Hz di 60, nítorí náà irú mọ́tò kan á máa fi nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà falẹ̀. Ti London ò ní wàhálà yìí, plọ́ọ̀gì ẹ̀ gan-an bá ògiri wa mu.

Ó yá, ṣúgà. Omi lásán á dì pátá. Tí ṣúgà bá wà nínú ẹ̀, apá kan á di yìnyín wẹ́wẹ́, apá kejì á ṣẹ́ kù bí omi ṣúgà tó ki láàárín wọn, òun ló ń jẹ́ kí ṣíbí wọlé. Ìdajì ṣúgà tẹ́ ẹ yọ, omi kíki yẹn lẹ yọ. Nínú gíráàmù 100 àpòpọ̀ yín, ṣúgà inú èso àti èyí tẹ́ ẹ bù sí i gbọ́dọ̀ jẹ́ gíráàmù 26 sí 30. Tó bá wálẹ̀ ju 20 lọ, òkúta ni. Tó bá ju 33 lọ, ẹ̀rọ ilé ò ní kápá ẹ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó tó pọ́n ní nǹkan bíi 13 nínú 100, máńgòrò 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀, ọsàn 10 sí 11, wọ́tàmẹ́lọ̀n bíi 8, ọsàn wẹ́wẹ́ ò pé 2. Ẹ wá rí ìdí tí "ife èso mẹ́ta, ife ṣúgà kan" fi ń dà èèyàn láàmú. Ife ta ni? Èso wo? Ẹnu dùn ún ròfọ́. Ẹ ra òṣùwọ̀n.

Adùn tẹ́ ẹ̀ ń sá fún, nínú omi èso tí kò tíì dì lẹ ti tọ́ ọ wò. Òtútù ń pa adùn. Ó gbọ́dọ̀ dùn jù díẹ̀ lẹ́nu kó tó wọ ẹ̀rọ. Tí kò bá ṣì wù yín, Glucose-D ni kí ẹ fi rọ́pò apá kan ṣúgà, ìyẹfun funfun inú agolo tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, èyí tí wọn ò fi adùn ọsàn sí. Adùn ẹ̀ ò tó ti ṣúgà, ṣùgbọ́n agbára tó fi ń dènà líle fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po méjì tirẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó ju ìdá kan nínú mẹ́ta gbogbo ṣúgà tẹ́ ẹ bù sí i lọ, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ á rọ̀ jù. Kì í ṣe oúnjẹ alátọ̀gbẹ o. Kò sí sorbet tí wọ́n ṣe báyìí tó jẹ́ ti alátọ̀gbẹ.

Fún abọ́ yín: ọ̀pẹ̀ òyìnbó lílọ̀ tẹ́ ẹ ti sẹ́, gíráàmù 650, ṣúgà 120, Glucose-D 50, omi 60, omi ọsàn wẹ́wẹ́ 20, iyọ̀ bín-ín-tín. Àpapọ̀ ẹ̀ 900, ṣúgà inú ẹ̀ sì ń lọ sí 28 nínú 100. Ẹ fi ṣúgà méjèèjì àti omi lé iná kó yọ́, ẹ pò ó mọ́ èso kó tó tutù tán, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ lẹ́yìn ìyẹn. Fún máńgòrò: èso 600, ṣúgà 110, Glucose-D 50, omi 120, ọsàn wẹ́wẹ́ 20. Máńgòrò rọrùn jù, ó ki fúnra ẹ̀. Àfi irú máńgòrò tí wọ́n ń pè ní kẹrosíìnì, tí okùn pọ̀ nínú ẹ̀, ẹ fi asẹ́ tó wẹ́ sẹ́ ẹ. Wọ́tàmẹ́lọ̀n, ẹ má fi bẹ̀rẹ̀. Agbálùmọ̀ ní oje tó ń lẹ̀ mọ́ ọ̀bẹ bùlẹ́ńdà, ẹ fi epo ìsebẹ̀ díẹ̀ nù ún kí ẹ tó fọ̀ ọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ní kí ẹ fi gelatin sí ọ̀pẹ̀ òyìnbó tútù. Èròjà kan wà nínú èso yẹn tó ń jẹ ẹ́ run.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ dán ṣúgà wò láìsí ẹ̀rọ ìwọ̀n: ẹyin tútù tẹ́ ẹ ti fọ̀ mọ́, ẹ gbé e lé omi èso tó ṣàn. Kó léfòó, kí ojú ẹ̀ tó yọ síta kéré díẹ̀ sí ìdérí ìgò mínírà. Tó bá rì, ṣúgà kéré. Tí ojú tó yọ bá fẹ̀ jù, ẹ bu omi sí i. Kò wúlò fún máńgòrò tó ki, ẹyin á kàn jókòó lé e lórí ni. Ẹyin tó ti pẹ́ nílé náà á léfòó lórí omi lásán, á tàn yín jẹ.

Tó bá ti dì tó áísìkiriìmù tí wọ́n ń fún sórí kóònù, ẹ kó o sínú ike pẹlẹbẹ tó ti wà ní fírísà tẹ́lẹ̀, ẹ tẹ́ ọ̀rá lé e lójú, ẹ dé e, wákàtí mẹ́rin. Tí iná bá lọ tó fi yọ́, ẹ má kàn dá a padà kó dì, yìnyín inú ẹ̀ á tóbi, á máa ró gẹ̀rẹ̀gẹ̀rẹ̀ léyín. Ẹ tún un yí, bó bá ṣì tutù. Bó bá ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, ẹ dà á nù.

Ti oníkọ́ńpírẹ́sọ̀ tẹ́ ẹ bèèrè: ẹ má tíì rà á. Òun kì í fẹ́ abọ́ dídì, wákàtí iná kan péré tó fún un, nítorí náà tí àdúgbò yín bá máa ń ríná díẹ̀díẹ̀ lóòjọ́, ó sàn ju èyí tẹ́ ẹ ní lọ. Ṣùgbọ́n ó wọ́n, ó wúwo, kọ́ńpírẹ́sọ̀ ẹ̀ sì máa ń fa iná púpọ̀ nígbà tó bá ń gbéra, ínfátà kékeré lè má gbé e. Wọn kì í sì tàn án lọ́jọ́ tí wọ́n gbé e dé. Kó dúró lórí ìdí ẹ̀ fún wákàtí 24 kí òróró inú kọ́ńpírẹ́sọ̀ padà síbi tó yẹ. Pẹ̀lú ìdajì ṣúgà, òun náà á fún yín ní òkúta lọ́jọ́ kejì.

Èyí tó rọrùn jù fún ibi tí iná ò sí rárá ni oníkorobá, tí agolo kan wà láàárín ẹ̀ tí wọ́n ń fọwọ́ yí. Yìnyín tẹ́ ẹ fọ́ wẹ́wẹ́, òṣùwọ̀n mẹ́ta, iyọ̀ òṣùwọ̀n kan, ẹ tò wọ́n ní ìpele ìpele yí agolo ká. Iyọ̀ á mú kí yìnyín yọ́, bó ṣe ń yọ́ lá máa fa ooru inú agolo, á tutù kọjá -15. Iyọ̀ oníhóró ńlá ni kí ẹ rà, kí ẹ sì máa da omi iyọ̀ nù bó bá ti ń ga, kó má bàa dé etí ìdérí agolo kó wọ inú sorbet.