Ọbẹ̀ tó kù nínú ìkòkò ńlá lálẹ́

Ìbéèrè: Mo ní ilé oúnjẹ kékeré kan. Tá a bá ti ilẹ̀kùn lálẹ́, ọbẹ̀ sábà máa ń kù nínú ìkòkò ńlá. Orí tábìlì la máa ń gbé e sí di àárọ̀ kó lè tutù, torí wọ́n ní ohun gbígbóná máa ń ba fíríìjì jẹ́. Tílẹ̀ bá mọ́, a ó tún un sè kó hó dáadáa ká tó tà á. Ṣé ewu wà níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ewu ńlá wà níbẹ̀, àtúnsè àárọ̀ kò sì lè mú gbogbo rẹ̀ kúrò.

Lóòótọ́, iná ń pa ọ̀pọ̀ kòkòrò àrùn. Ṣùgbọ́n àwọn kan wà, bíi Clostridium perfringens àti Bacillus cereus, tó máa ń ká mọ́ra bí irúgbìn tí èèpo rẹ̀ le. Ọbẹ̀ á hó, wọn ò ní kú. Bí ìkòkò bá wá ń tutù díẹ̀díẹ̀, wọ́n á jí, wọ́n á máa bí sí i. Tí ọbẹ̀ bá lọ́ wọ́ọ́rọ́, ní nǹkan bíi 45°C, perfringens lè di ìlọ́po méjì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10. Ti cereus tún burú sí i: ó lè tu májèlé sínú oúnjẹ, pàápàá ìrẹsì àti ohun oníyẹ̀fun, tí iná ò ní lè bà jẹ́. Ẹ ò ní gbóòórùn rẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni títọ́ ọbẹ̀ wò ò ní fi hàn yín.

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ má gbé ìkòkò gbígbóná sínú fíríìjì ò purọ́. Á mú kí nǹkan mìíràn tó wà níbẹ̀ móoru, àárín ọbẹ̀ fúnra rẹ̀ ò sì ní tètè tutù. Àmọ́ orí tábìlì kọ́ ni ibi tó kàn.

Ẹ pín in sínú abọ́ pẹrẹsẹ, kó má jìn ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ. Ẹ bu omi àti yìnyín sínú síǹkì, ẹ gbé àwọn abọ́ náà sínú rẹ̀, kí omi ga dé ibi tí ọbẹ̀ ga dé láìwọ inú rẹ̀. Kí ẹnì kan máa rò ó látìsàlẹ̀ wá sókè. Food Code, ìyẹn ìwé ìlànà oúnjẹ ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní kó kúrò ní 57°C dé 21°C láàárín wákàtí 2, kó sì dé 5°C láàárín wákàtí 4 sí i. Wákàtí 2 àkọ́kọ́ yẹn ni mi ò kì í fi ṣeré rárá. Ẹ ra ẹ̀rọ tí ń wọn ìgbóná oúnjẹ, kẹ́ ẹ sì tì í bọ àárín ọbẹ̀, torí ara abọ́ máa ń tan èèyàn jẹ. Tó bá ti tutù, ẹ bò ó, ẹ kọ ọjọ́ sí i lára, ẹ gbé e sí fíríìjì. Lọ́jọ́ kejì, ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa tà ni kẹ́ ẹ gbé kaná, kó dé 74°C.

Mo mọ̀ pé ó ti rẹ gbogbo yín nígbà yẹn, onílé ń wá ọ̀nà ilé. Ìdí nìyẹn tí èmi fi máa ń ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bu èyí tá ò ní tà mọ́ ní wákàtí kan ṣáájú ká tó tìlẹ̀kùn, kó máa tutù lọ bí àwọn oníbàárà ṣe ń jẹun. Ẹ yan ẹnì kan sídìí rẹ̀ lálaalẹ́. Iṣẹ́ tó bá jẹ́ ti gbogbo yín lápapọ̀, kò sẹ́ni tó máa ṣe é.

Èyí tó bá ti sùn sórí tábìlì lálẹ́ àná, ẹ má tà á, ẹ má sì fún àwọn òṣìṣẹ́ yín jẹ. Ẹ dà á nù.